Owó Èbúté: Ta Ni Yóò San Án, Ta Ni Yóò Sì So Ọkọ̀ Mọ́ Ọn?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ohun méjì ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀sà Èkó láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí ara wọn, ó sì yẹ kí àwa ará ìlú gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí a sì yẹ̀ wọ́n wò. Èkíní ni eré ìje ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní E1, èyí tí wọ́n sá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í lo epo. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń sáré. Tom Brady ará Amẹ́ríkà, Rafael Nadal ará Sípéènì àti Didier Drogba ará Ivory Coast wà lára àwọn gbajúmọ̀ tí ó ní ẹgbẹ́ nínú ìdíje náà, Èkó sì ni ìlú àkọ́kọ́ tí ó gbà á lálejò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Èkejì ni iṣẹ́ ńlá kan tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ní Omi Èkó, tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fi lọ́lẹ̀ kí oṣù kan náà tó parí. Mílíọ̀nù 410 owó euro ni wọ́n ṣírò fún un: wọn yóò kọ́ èbúté márùndínlọ́gbọ̀n tàbí kí wọ́n tún wọn ṣe, wọn yóò gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi ní ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn yóò sì ra ọkọ̀ èrò tí ó lé ní márùndínlọ́gọ́rin tí ń lo iná mànàmáná.

Àwọn kan yọ̀ fún ti èkíní, àwọn mìíràn yọ̀ fún ti èkejì. Àwa pẹ̀lú yọ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó so ohun méjèèjì pọ̀, a kò sì gbọ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa bèèrè rẹ̀: bí Ìjọba bá fi owó gbogbo ènìyàn kọ́ èbúté, ọkọ̀ ta ni yóò máa so mọ́ ọn, ta ni yóò sì máa tún un ṣe nígbà tí pákó rẹ̀ bá jẹrà?

Ẹni tí ń gbé Ìpọ̀nrí lè wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Lóòótọ́, a kì í ṣe ará etí omi bí àwọn ará Màkókó. Orí ilẹ̀ ni ọjà wa wà, ọkọ̀ akérò ni ó ń gbé wa lọ sí Òyìngbò, àti láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ láti Mile 2 sí Marina ti ń kọjá nítòsí wa ní Ìgànmú. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà wọ inú ọjà Ìpọ̀nrí kí ó sì wo àtẹ àwọn ẹlẹ́ja. Omi ni ẹja wọn ti wá. Kí ó bi ògiri ilé rẹ̀ léèrè ibi tí a ti rí yanrìn tí a fi mọ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú yanrìn Èkó, inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń wà á. Kí ó sì rántí oṣù Kẹta ọdún 2022, nígbà tí iná jó lábẹ́ afárá Èkó ní Àpọ́ńgbọ̀n tí wọ́n sì ti apá kan afárá náà fún ìgbà pípẹ́. Àwa tí a ń gba orí afárá yẹn lọ sí ibi iṣẹ́ mọ bí a ti jókòó sínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀ kùtùkùtù tí oòrùn fi ràn lé wa lórí. Omi wà lábẹ́ wa, ó tẹ́jú, kò sí ọkọ̀ tí ó há sí orí rẹ̀. Ní ọjọ́ wọnnì kò sí ará Ìpọ̀nrí tí yóò sọ pé èbúté kò kan òun.

Kì í ṣe pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń rìn lórí omi. Kí wọ́n tó ṣí afárá Carter ní ọdún 1901, ọkọ̀ ọpọ́n ni ó so Èkó mọ́ òkè ilẹ̀. Orúkọ àdúgbò wa gan-an jẹ́rìí sí i: Èbúté Èrò, Èbúté Mẹ́ta, Èbúté Ẹlẹ́fun. Ọjà Èjìnrìn tí ó wà ní etí ọ̀sà níhà Ẹ̀pẹ́ ń bọ́ Èkó nígbà náà, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kó iṣu àti epo pupa rẹ̀ wá. Títì àti afárá ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ omi. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande ń ṣe Gómìnà láàrin ọdún 1979 sí 1983, Ìjọba rẹ̀ gbìyànjú láti dá a padà. Ọkọ̀ èrò ńlá tí wọ́n pè ní Baba Kékeré wà lára èyí tí àwọn àgbà ìlú ṣì ń rántí. Nígbà tí ìjọba ológun dé, iṣẹ́ náà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn. Ìjọba dá àjọ LASWA sílẹ̀ ní ọdún 2008 láti máa bójú tó ọ̀nà omi ìpínlẹ̀ yìí, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ LAGFERRY sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2020. Nítorí náà, owó tí ó ń bọ̀ yìí kì í ṣe owó àkọ́kọ́ tí a ó kó sínú omi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó náà bí oníṣòwò ti ń ṣírò ọjà. Nínú mílíọ̀nù 410 yẹn, ilé iṣẹ́ ìdàgbàsókè ti ìjọba Fáransé, tí a ń pè ní AFD, mú 130 wá. Báńkì Ìdókòwò ti Yúróòpù mú 170 wá. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi 60 ta wá lọ́rẹ. Ìjọba Èkó yóò mú 40 sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ yóò sì mú 10 wá. Ti AFD àti ti báńkì náà, owó àyálò ni. Bí a bá dà á sí orí euro mẹ́wàá, ó lé ní méje tí a ó san padà pẹ̀lú èlé, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ kò sì tó ẹyọ kan àbọ̀. Àwọn ènìyàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní ìrànwọ́. Ìyálọ́jà kankan ní Ìpọ̀nrí kì yóò pe owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjọ ní ìrànwọ́, ó mọ ọjọ́ tí wọn yóò wá gbà á.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Owó euro ni a yá, owó náírà ni èrò yóò fi wọ ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ń kó ọjà láti òkè òkun kò ní í gbàgbé pé kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní iye tí Ìjọba ń ṣẹ́ ẹ, nígbà tí ọdún 2024 sì fi ń lọ, ó ti kọjá 1,500. Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ kí a tó san gbèsè èbúté tán, iye náírà tí a ó fi san án yóò di ìlọ́po, pákó èbúté kò sì ní í fi ẹyọ kan pọ̀ sí i. Gbogbo ará ìpínlẹ̀ ni yóò ru ẹrù náà, ẹni tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀ pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó tọ́ kí a wò. Ní ọdún 1998, àwọn aṣòfin ibẹ̀ fi òfin dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún èbúté àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ó bá wá bí àlejò. Ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò bá dín ní ẹsẹ̀ bàtà 26 ni wọ́n ṣe é fún, èyí tí olówó rẹ̀ ń gbé láti ìlú dé ìlú, tí ó ń sùn sínú rẹ̀, tí ó sì ń wá ibi tí òun lè so ó mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè kígbe pé: kí ló dé tí ìjọba fi ń ná owó lórí ohun ìṣeré ọlọ́rọ̀? Àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe, títí a fi rí ibi tí owó náà ti ń wá. Orí ìwọ̀ àti okùn ìpẹja, orí epo ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, àti owó bodè tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ó bá wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń kó o jọ. Àwọn tí ń fi omi ṣeré ni ó ń dá owó eré ara wọn. Ìjọba wulẹ̀ jẹ́ olórí àjọ, ó ń gbà, ó sì ń pín.

Ìpín náà pàápàá kò rọrùn bí a ti rò. Wọn kì í san ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye tí iṣẹ́ náà yóò ná. Ẹni tí ó bá tọrọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ìdá kan tí ó kù. Èbúté náà gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Owó tí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ àlejò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó bá àdúgbò mu. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó gba owó náà ti fi ọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa tọ́jú ohun tí a kọ́ ní gbogbo iye ọdún tí a ṣírò pé yóò lò. Bí ó bá sọ ibẹ̀ di ilé ìtajà tàbí ilé ijó, Ìjọba ní agbára láti bi í.

A kò sọ èyí láti fi Amẹ́ríkà ṣe ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ìwé àdéhùn ni ó gbé èbúté wọn dúró, ju pákó àti irin lọ.

Kí ni ipò àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní ọ̀dọ̀ tiwa? Wọn kì í ṣe ohun tuntun. Ẹgbẹ́ àwọn onígbòkun tí a ń pè ní Lagos Yacht Club ti wà láti ọdún 1932, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sì wà ní Ìkòyí. Lónìí, ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ funfun ni ó ń gbé àwọn olówó láti Ìkòyí àti Victoria Island lọ sí Tarkwa Bay àti sí àwọn ilé ìgbafẹ́ etí òkun ní Ìlàṣẹ. Ibi tí ó pọ̀ jù nínú ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ wọn mọ́, ti ẹgbẹ́ tàbí ti aládàáni ni. Àwọn tí ó fẹ́ràn eré E1 ń wí pé Èkó yẹ kí ó di ìlú tí ọkọ̀ àlejò yóò máa yà sí láti Accra, láti Cotonou, àní láti Yúróòpù. Èyí kò burú. Àlejò tí ó bá so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ Èkó fún ọjọ́ márùn-ún yóò ra epo, yóò ra omi mímu, yóò ra ata àti ẹja, yóò wá ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ìpọ̀nrí kò jìnnà sí ọjà yẹn. Àwa kò bá eré jà. Bí Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì bá ń ṣe ọdún ìje ọkọ̀ wọn, ta ni kì í fẹ́ lọ wò ó?

Ohun tí a ń bẹ̀rù ni ohun tí ojú wa rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, a dúró ní èbúté kan tí a kì yóò dárúkọ, nítorí kì í ṣe òun nìkan. Apá méjì ni èbúté náà ní. Ní apá kan, pákó mẹ́ta ti jábọ́ sínú omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé pákó tirẹ̀ lé ibi ihò náà, ó sì ń gba ọgọ́rùn-ún náírà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Ní apá kejì tí pákó rẹ̀ pé, ọkọ̀ ìgbafẹ́ funfun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi okùn méjì so mọ́ òpó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ọkọ̀ èrò wa dé, kò rí ibi gún sí, ó ń yí ká lórí omi fún bí ogún ìṣẹ́jú, títí ó fi wá fi orí kan apá tí ó bàjẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ru agbada ẹja yíyan wò wá, ó wò ihò náà, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi di ọwọ́ mú.” A dì í mú. Agbada náà mì, ẹja mélòó kan sì bọ́ sómi. Nígbà tí a bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pé èló ni ọkọ̀ funfun yẹn san, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ̀ ọ̀gá ni.

Ìyá ẹlẹ́ja san owó ọkọ̀, ó san ọgọ́rùn-ún náírà pákó, ó sì san ẹja tí ó bọ́ sómi. Ọkọ̀ ọ̀gá kò san kọ́bọ̀. Ní ọjà Ìpọ̀nrí, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá tóbi ni ó ń san owó tí ó pọ̀. Ẹni tí ó tẹ́ ata sí ilẹ̀ ń san díẹ̀. Kí ló dé tí ti omi fi yí padà?

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni omi pẹ̀lú kò tíì tutù. Òfin ọdún 1997 ni ó gbé àjọ NIWA ti Ìjọba Àpapọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀nà omi abẹ́lé. Ìjọba Èkó ní tiwa ni ọ̀sà tí ó wà láàrin ìpínlẹ̀ wa. Ẹjọ́ náà pẹ́: ní ọdún 2017 ilé ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Èkó láre, ní oṣù kìíní ọdún 2024 ilé ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá yí i padà, ó sì fi agbára náà lé Ìjọba Àpapọ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ èrò ti ń ráhùn tipẹ́ pé ọwọ́ méjì ni ó ń gba owó lọ́wọ́ wọn lórí omi kan ṣoṣo, ohun tí wọ́n bá sì san ní ọ̀tún àti ní òsì, orí èrò ni wọ́n ń kó o lé. Wàyí o, Ìpínlẹ̀ ni ó yá owó láti kọ́ èbúté, Ìjọba Àpapọ̀ ni òfin sì gbé omi tí ó wà lábẹ́ èbúté náà fún. Bí wọn kò bá jókòó kọ ìwé sí àárín ara wọn nísinsìnyí nípa ẹni tí yóò gba owó ìsokọ̀ àti ẹni tí yóò tún pákó ṣe, ọjọ́ tí ọkọ̀ àlejò àkọ́kọ́ bá gúnlẹ̀ ni rìsíìtì méjì yóò jáde sí i. Ọjọ́ tí pákó bá já ńkọ́? Kò ní í sí rìsíìtì kankan.

Nítorí náà, a ń fi ìtẹríba sọ fún Ìjọba pé kí wọ́n ya nǹkan sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú èbúté márùndínlọ́gbọ̀n yìí, kí wọ́n mú méjì tàbí mẹ́ta tí omi rẹ̀ jìn tó, kí wọ́n ṣe apá kan rẹ̀ fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ àti ọkọ̀ àlejò, kí apá náà ní òpó tirẹ̀, omi ẹ̀rọ àti ibi tí wọn yóò ti máa fa ìgbẹ́ inú ọkọ̀ kúrò, kí ó má baà jẹ́ inú ọ̀sà ni wọn yóò máa dà á sí. Kí wọ́n sì máa gba owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ti gùn tó àti iye ọjọ́ tí ó lò. Owó yẹn kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpò gbogboogbò Ìpínlẹ̀, níbi tí a kò ní í rí i mọ́. Kí ó lọ tààrà sí àtúnṣe apá tí ọkọ̀ èrò ń lò. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ọ̀gá ni yóò máa ra pákó tí ìyá ẹlẹ́ja yóò máa tẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò lè sọ pé à ń jowú olówó.

Wọn yóò wí fún wa pé owó tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ yóò mú wá kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 410. Òótọ́ ni. Kò lè san gbèsè. Ṣùgbọ́n gbèsè kọ́ ni ó pa iṣẹ́ omi wa ti àtijọ́. Aláìní-àtúnṣe ni ó pa á, iye owó tí pákó, ìṣó àti ọ̀dà irin ń gbà lọ́dún kò sì tó ohun tí ọwọ́ kò lè ká. Báńkì òkèèrè a máa yáni lówó láti kọ́lé. A kò rí báńkì tí ń yáni lówó láti gbá ilé náà lójoojúmọ́.

Ìwé àdéhùn owó yìí pẹ̀lú, kí Ìjọba tẹ̀ ẹ́ jáde kí ará ìlú lè kà á: iye èlé rẹ̀, ọdún tí a ó san án tán, àti ẹni tí a gbé ìtọ́jú èbúté kọ̀ọ̀kan lé lọ́wọ́. Ẹ̀yin aṣojú wa láti Surulere àti Mainland ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àláúsá, ẹ̀yin ni ẹ ní ẹnu láti bèèrè rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà Ìpọ̀nrí, tí ẹ mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà nígbà tí wọ́n fẹ́ fi kún owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ bá wa kọ ọ̀kan sí i.

Ohun kékeré kan tí ó kù ni ti ìwé ara ògiri. Ní èbúté kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ́ tán, kí wọ́n kọ iye owó gbogbo sí pátákó ńlá ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: owó èrò, owó ẹrù, owó ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún ọjọ́ kan, àti nọ́ńbà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ẹni tí a ó pè bí pákó bá já. Kí wọ́n gbé e sí ibi tí ẹni tí ó ru agbada lórí yóò ti lè rí i.